Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìtàn Eré RAM àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Ẹni Tó Ń To Kọ̀ǹpútà Nílé

Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì pọ̀ nílé yóò kọ́kọ́ ra processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Yóò ra pátákó motherboard tí gbogbo ẹ̀yà yòókù máa jókòó lé. Lẹ́yìn náà ni yóò kan ìrántí kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ sí RAM. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Lára páálí kan, wọ́n kọ 4800. Lára òmíràn, 5600. Lára òmíràn, 6000. A tún rí èyí tí wọ́n kọ 8000 sí. Bí nọ́ńbà ṣe ń ga sí i ni owó ń ga sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pọ̀ jù ló dára jù. Owó tí wọn ì bá fi ra RAM tó máa tó wọn lò, wọ́n a fi ra èyí tí kò tó, nítorí pé wọ́n ní ó ń sáré.

Nọ́ńbà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ló ń sọ. Ìtàn bó ṣe dé ara páálí ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì yẹ kí ẹni tó ń náwó mọ̀ ọ́n, pàápàá ní àkókò yìí. Ní ìparí ọdún 2025, owó RAM fò sókè lójijì, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti ń darí ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọn sí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbọ́n àtọwọ́dá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Micron kéde pé òun yóò dá RAM títà fún àwọn aládàáni lábẹ́ orúkọ Crucial dúró. Nígbà tí ọjà bá wọ́n báyìí, ẹni tó bá ṣi RAM rà kò ní tètè rí owó fi ra òmíràn.

Ibi tí ìdúró ti bẹ̀rẹ̀

Kí irú RAM òde òní tó dé, òrùka kéékèèké tí ó ń gba agbára òòfà, tí a ti wáyà bọ inú wọn, ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí nǹkan. Ní ọdún 1953, wọ́n lo irú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà Whirlwind ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè púpọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń hun ún bí ẹni hun aṣọ òfì, nítorí náà ó wọ́n gan-an.

Ní ọdún 1966, Robert Dennard, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ IBM, ronú kan ọgbọ́n mìíràn. Ó rí i pé transistor kan ṣoṣo àti capacitor kan ṣoṣo tó láti tọ́jú bíìtì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù nínú ohun tí kọ̀ǹpútà lè rántí. Ní ọdún 1968, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1970, Intel gbé chip tí wọ́n pè ní 1103 jáde, èyí tó ń gba bíìtì 1,024. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1972, kò sí irú chip bẹ́ẹ̀ tó tà tó o ní gbogbo àgbáyé.

Ọgbọ́n Dennard mú kí RAM pọ̀, ó sì jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní gbèsè tirẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ṣì ń san títí di òní. Capacitor yẹn dà bí ìkòkò kékeré tó ń jò. Agbára iná tí a rọ sínú rẹ̀ kì í pẹ́ tí ó fi ń ṣòfò, nítorí náà RAM gbọ́dọ̀ máa tún gbogbo ìkòkò wọ̀nyí rọ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá sì ka ohun tó wà nínú ìkòkò kan, kíkà náà á tú u dà nù, a ó ní láti dá a padà. Kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó rí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan gbà, RAM gbọ́dọ̀ ṣí ìlà tí ọ̀rọ̀ náà wà, kí ó mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kí ó sọ àmì tí kò lágbára náà di alágbára, kí ó tó lè fi í ránṣẹ́. Gbogbo èyí ń gba àkókò, kò sì sí bí nọ́ńbà ara páálí ṣe tóbi tó tó lè mú àkókò náà kúrò.

Nígbà tí ìdúró ni a ń kà

Ní ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà aládàáni rẹ̀ jáde. Ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni lè rà lọ́jà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èyí sì mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn lè ṣe irú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà ti là fún ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó sì tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Aago inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà yẹn ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 4.77 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlù mẹ́rin ló sì ń lò láti bá RAM sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ìlù mẹ́rin náà tó pé, RAM ìgbà náà ti dáhùn. Kò sí ẹni tó ń dúró de ẹnì kejì.

Ní ìgbà náà, nánósẹ́kọ́ǹdì, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wọ́n fi ń sọ bí RAM ṣe yá sí. Wọ́n á kọ ọ́ sí ara chip: 120, 100, 80, 70, 60. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni RAM ṣe dára sí. Nọ́ńbà tó ṣe tààrà ni, torí pé ohun tí oníbàárà fẹ́ mọ̀ gan-an ló ń sọ: bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà yóò ṣe dúró pẹ́ tó kí ó tó gba èsì.

Ṣùgbọ́n ọdún kò pẹ́ púpọ̀ kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó fi RAM sílẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí processor 386 dé ní ọdún 1985, aago rẹ̀ ti ń lù kánkán ju bí RAM ṣe lè dáhùn lọ, àwọn tó ń ṣe pátákó sì ní láti fi ìlù òfo kún un, kí ọpọlọ máa fi dúró. Ní ọdún 1989, Intel fi àpò ìrántí kékeré kan sínú processor 486 fúnra rẹ̀. Kìlóbáìtì 8 péré ni àpò yìí, tí wọ́n ń pè ní cache, ṣùgbọ́n ó wà nítòsí ọpọlọ, ó sì ń tọ́jú ohun tí ọpọlọ ń lò léraléra, kí ó má baà máa lọ bá RAM ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 1995, William Wulf àti Sally McKee kọ ìwé kúkúrú kan tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Wọ́n kìlọ̀ pé bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà bá ń yára sí i báyìí tí RAM sì ń fà lẹ́yìn, ọjọ́ ń bọ̀ tí eré ọpọlọ kò ní wúlò mọ́, nítorí pé dídúró ni yóò máa fi ọ̀pọ̀ àkókò rẹ̀ ṣe. Wọ́n pe ohun tí wọ́n rí lọ́ọ̀ọ́kán náà ní ògiri.

Nígbà tí nọ́ńbà yí padà

Láti dín ìdúró náà kù, wọ́n ṣe irú RAM kan tí wọ́n ń pè ní SDRAM, èyí tó ń tẹ̀ lé ìlù aago kan náà pẹ̀lú pátákó. Ní ọdún 1998, Intel gbé chipset 440BX jáde, PC100 sì di orúkọ tí gbogbo ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà mọ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, PC133 dé. Nọ́ńbà 100 àti 133 wọ̀nyí jẹ́ iye ìgbà tí aago ń lù, ní mílíọ̀nù, láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ibí yìí ni ìtumọ̀ nọ́ńbà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, kékeré ló dára; láti ìgbà náà, ńlá ló dára. Ìdúró kò lọ síbì kan. Wọ́n kàn gbé e kúrò níwájú páálí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà kéékèèké kọ CL, ìyẹn iye ìlù tí RAM yóò lù kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹni tó bá ka iwájú páálí nìkan ti ka bí páìpù omi ṣe fẹ̀ tó. Kò tíì ka bí yóò ṣe pẹ́ tó lẹ́yìn tí a bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ kí omi tó dé.

Ohun tí ìyípadà yìí lè fà hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ Rambus. Ní ọdún 1996, Intel bá ilé-iṣẹ́ yìí ṣe àdéhùn pé RDRAM, irú RAM tí àwọn ará Rambus gbé kalẹ̀, ni kọ̀ǹpútà ọjọ́ iwájú yóò máa lò. Orúkọ èyí tó yá jù nínú rẹ̀ nígbà tó dé ọjà ni PC800. Ẹni tó bá fi 800 wé 133 yóò rò pé ìlọ́po mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n bíìtì 16 péré ni RDRAM ń gbé lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí SDRAM ń gbé 64. Nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀, gígábáìtì 1.6 ni PC800 ń kó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, PC133 sì ń kó bíi 1.06. Nọ́ńbà di ìlọ́po mẹ́fà. Ẹrù tó dé kò ju ìlọ́po kan àti ààbọ̀ lọ. RDRAM tún wọ́n ju SDRAM lọ fíìfíì.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999, Intel gbé chipset 820 jáde fún RDRAM. Nítorí ọ̀wọ́n rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yà kan kún un kí ó lè máa lo SDRAM pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀yà náà ní àbùkù, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000 Intel sì kéde pé òun yóò gba àwọn pátákó tó ní i padà. Nígbà tí Pentium 4 dé ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, RDRAM nìkan ló ń lò. Ní àkókò yẹn, JEDEC, ẹgbẹ́ tó ti ń pa àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ pọ̀ láti ọdún 1958 kí ẹ̀yà olúkúlùkù lè bá ara wọn mu, ti tẹ ìlànà DDR jáde, AMD sì ti gbà á. DDR ń lo aago SDRAM, ṣùgbọ́n ó ń fi ẹrù ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀méjì nínú ìlù kan. Àwọn tó ń tà á náà kò fẹ́ kí nọ́ńbà 800 bo tiwọn mọ́lẹ̀, wọ́n sì sọ èyí tí aago rẹ̀ ń lù ní 133 ní PC2100, ìyẹn iye mẹ́gábáìtì tó ń kó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Orúkọ ń bá orúkọ jà. Ní ọdún 2001, Intel yí padà, ó gbé chipset 845 tó ń lo SDRAM jáde fún Pentium 4. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2002, ó gba DDR. Kò pẹ́ tí RDRAM fi kúrò nínú kọ̀ǹpútà ilé. Àwọn tó ti ra pátákó rẹ̀ ń wo DDR tó pọ́ọ́kú lọ́jà, kò sì wọ ihò pátákó wọn.

Ọdún ń gorí ọdún, ìdúró dúró síbẹ̀

DDR2 dé ọjà ní ọdún 2004, DDR3 ní 2007, DDR4 ní 2014, DDR5 ní 2021. Nọ́ńbà iwájú páálí ń di ìlọ́po méjì nígbà gbogbo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdúró tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè ṣírò rẹ̀: kí ó fi 2000 sọ iye CL di púpọ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà iwájú páálí pín in. Èsì rẹ̀ á jẹ́ nánósẹ́kọ́ǹdì.

Ẹ jẹ́ kí a mú RAM tó dára láti inú ìran kọ̀ọ̀kan. DDR-400 tí CL rẹ̀ jẹ́ 2: nánósẹ́kọ́ǹdì 10. DDR2-800 tí CL rẹ̀ jẹ́ 4: 10. DDR3-1600 tí CL rẹ̀ jẹ́ 8: 10. DDR4-3200 tí CL rẹ̀ jẹ́ 16: 10. DDR5-6000 tí CL rẹ̀ jẹ́ 30: 10. Láàárín bí ogún ọdún, nọ́ńbà iwájú kúrò ní 400, ó di 6000, ẹrù tí ẹyọ RAM kan lè kó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sì kúrò ní gígábáìtì 3.2, ó di 48. Ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ìdúró fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò yẹ̀. Páìpù ń fẹ̀ sí i, omi sì ń pẹ́ bó ṣe ń pẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìṣirò kan náà ló ń fi ìyàtọ̀ hàn láàárín RAM méjì tó jókòó lórí àtẹ kan náà. DDR5-6400 tí CL rẹ̀ jẹ́ 40 yóò dúró fún nánósẹ́kọ́ǹdì 12.5. DDR5-6000 tí CL rẹ̀ jẹ́ 30 yóò dúró fún 10. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré ló ń tètè dáhùn.

Ta ló jẹ́rìí sí nọ́ńbà náà?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tó wà lára páálí ni JEDEC fọwọ́ sí pẹ̀lú CL tí wọ́n kọ tì í. Ní ọdún 2007, Intel mú ètò kan wá tí wọ́n ń pè ní XMP. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta RAM á dán ọjà rẹ̀ wò, á rí i pé ó lè sáré ju ìlànà lọ bí a bá fún un ní agbára iná díẹ̀ sí i, á sì kọ ètò náà sínú chip kékeré kan lára RAM. Ní ọdún 2022, AMD gbé tirẹ̀ jáde, ó pè é ní EXPO. Ilé-iṣẹ́ méjèèjì ló ka ètò wọ̀nyí sí fífi kọ̀ǹpútà sáré kọjá ìwọ̀n tí a ṣe é fún.

Ohun méjì ni èyí já sí. Èkíní, RAM tí a rà ní 6000 lè máa sáré ní 4800 láti ọjọ́ tí a ti tò ó, títí di ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá wọ inú BIOS tó sì tan ètò náà. Ó ti san owó eré tí kò sá. Èkejì, bí a bá tan án, tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tàbí pátákó kò sì lè bá a lọ, kọ̀ǹpútà lè máa kú lójijì tàbí kí ó ba iṣẹ́ tí a tọ́jú sínú rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní í nini lára.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́

Nígbà tí AMD gbé Ryzen jáde ní ọdún 2017, ó so eré ọ̀nà tí àwọn apá inú ọpọlọ náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ eré RAM. RAM tó yá jẹ́ kí inú ọpọlọ náà yá. Àwọn tó ti ń sọ pé eré RAM kò já mọ́ nǹkan kan ní láti tún ọ̀rọ̀ wọn sọ. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Nínú Ryzen 3000 tó dé ní ọdún 2019, ìlù méjèèjì ń bá ara wọn lọ títí dé nǹkan bí 3733. Bí RAM bá kọjá ibẹ̀, ètò á yí padà, olùdarí RAM inú ọpọlọ á máa lù ní ìdajì, ìdúró á sì gùn sí i. Ìdí nìyẹn tí 3600 fi di ohun tí ọ̀pọ̀ ń rà. Nígbà tí Ryzen 7000 dé ní ọdún 2022, ìwọ̀n tí AMD fọwọ́ sí ni 5200, ṣùgbọ́n àwọn ará AMD fúnra wọn pe DDR5-6000 ní ibi tí èrè pọ̀ sí jù. Ẹni tó ra 8000 fún irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ ra ìtẹ́ àgbọ̀nrín fún eku.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ìtàn yìí fún ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà ni pé iye RAM ló yẹ kó kọ́kọ́ rò. Bí RAM kò bá tó iṣẹ́, kọ̀ǹpútà á máa gbé ẹrù lọ sórí dísìkì, èyí tó lọ́ra ju RAM lọ ní ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, gbogbo eré tí a san owó lé á sì di asán. Lẹ́yìn èyí, kí ó ra méjì tí wọ́n tà pọ̀, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà: ẹyọ méjì nínú ihò tó tọ́ ń ṣí ọ̀nà méjì fún ọpọlọ, ẹrù á sì di ìlọ́po méjì. Ẹyọ mẹ́rin lè dín eré kù. Fún Ryzen 7000, ìwọ̀n tí AMD fọwọ́ sí fún ẹyọ mẹ́rin DDR5 jẹ́ 3600 péré. Kí ó wo ìwọ̀n tí ọpọlọ àti pátákó rẹ̀ gbà, kí ó ṣírò CL, kí ó sì yan èyí tí ìdúró rẹ̀ bá súnmọ́ 10 láìjẹ́ pé owó rẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ púpọ̀. Bó bá tò ó tán, kí ó tan XMP tàbí EXPO, kí ó sì fi ètò ìdánwò bíi MemTest86 yẹ RAM náà wò kí ó tó kó iṣẹ́ gidi sínú kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé, tó ń ṣírò owó, tó ń wo fídíò, kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín 4800 àti 6000. Ẹni tó ń ta géèmù pẹ̀lú ọpọlọ tó ń ya àwòrán fúnra rẹ̀, láìsí káàdì àwòrán lọ́tọ̀, yóò mọ̀ ọ́n gidigidi, nítorí pé RAM kan náà ni ọpọlọ àti àwòrán jọ ń pín. Fún àwọn tó ń ra ẹ̀yà tokunbo ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, kí wọ́n rántí pé ìran RAM kan kì í wọ ihò ìran mìíràn: ojú ibi tí wọ́n gé ní etí DDR3, DDR4 àti DDR5 kò rí bákan náà. DDR4 tó tó iṣẹ́ nínú pátákó tó gbà á sàn ju DDR5 tí kò tó nǹkan lọ.

Robert Dennard kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, lẹ́ni ọdún 91. Ìkòkò kékeré tó ń jò tí ó ronú kàn ní 1966 ṣì wà ní bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù nínú RAM tó wà lórí àtẹ lónìí, gbogbo wọn sì ṣì ń gba àkókò kí wọ́n tó dáhùn. Kí ẹni tó fẹ́ ná owó rẹ̀ lórí nọ́ńbà kan kọ́kọ́ yí páálí náà sẹ́yìn, kí ó ka CL tó wà níbẹ̀.